Mo rò pé wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni Èkó sí Atlanta

Ọdún tí àbúrò mi obìnrin bímọ ní Atlanta ni Màmá wa kọ́kọ́ wọ bàálù. Ìparí oṣù Kọkànlá ni. Èmi ni mo gbé wọn láti Abẹ́òkúta lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, èmi náà ni mo ka tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn: ọkọ̀ á gbéra ní agogo mọ́kànlá alẹ́, á balẹ̀ ní agogo márùn-ún àbọ̀ ìdájí. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀. Mo ní, "Màmá, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ péré ni. Ẹ sùn, kí ẹ tó jí ẹ ti débẹ̀."

Ìyẹn ni mo ṣe kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sínú àpótí ńlá tí wọ́n gbà níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù. Agogo méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń lò ó. Mo rò pé wọn á ti wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn nígbà náà.

Nígbà tó di agogo márùn-ún àbọ̀ ìdájí, mo pe àbúrò mi. Ó pẹ́ kó tó gbé e, oorun ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ṣé Màmá ti jáde?"

"Jáde níbo? Ẹ̀gbọ́n mi, agogo mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ ni níbí o. Orí òkun ni wọ́n ṣì wà."

Àyà mi já.

Aago Èkó ni wọ́n fi kọ ìgbà tí ọkọ̀ á gbéra, aago Atlanta ni wọ́n fi kọ ìgbà tó máa balẹ̀. Lásìkò òtútù, wákàtí mẹ́fà ni Nàìjíríà fi ṣáájú Atlanta. Bí wọ́n bá ti sún aago tiwọn síwájú ní oṣù Kẹta, ó di márùn-ún. Èkó sí London jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5,000, ó sì ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ti Atlanta lé ní 9,300! Ká ní mo wo máàpù ni, ǹ bá ti mọ̀. Wákàtí méjìlá àbọ̀ ni Màmá lò lófurufú.

Ọ̀sán ti pọ́n ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó gba àpótí, kí wọ́n tó rí oògùn lò. Ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà ò gbà á mọ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn sọ pé nígbà tí àwọn ń wo fèrèsé tí ilẹ̀ kọ̀ tí kò mọ́, àwọn rò pé ọkọ̀ ti ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń lọ, òkùnkùn ń bá wọn lọ ni.

Ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ ní oṣù Kejì, tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ bíi tèmi á rí wákàtí mẹ́tàdínlógún. Mọ́kànlá ni. Ó tiẹ̀ kéré sí ti àlọ, torí afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ń dojú kọ ọkọ̀ nígbà àlọ, ó ń tì í lẹ́yìn nígbà àbọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, inú báàgì ọwọ́ ni oògùn wà. Àbúrò mi kọ ọ́ sórí bébà fún wọn pé agogo méje àárọ̀ tiwa ni agogo kan òru ti Atlanta. Mo ti wà ní Ìkẹjà láti agogo mẹ́jọ. Wọ́n jáde sí mi, bàtà wọn wà lẹ́sẹ̀.