Ewé ṣọkọ mi ń pọ́n, ṣé kí n da iyọ̀ gíríìnì yìí sídìí ẹ̀?

IyaIbeji_Igbogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbẹ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé wa ní Igbógbó níbí, ṣọkọ àti ewédú ni mo ń gbìn sí i, a máa ń jẹ díẹ̀ ńbẹ̀, mo sì máa ń di ìyókù fáwọn alẹ́fọ̀ọ́ tó ń wá láti Sábó. Látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ni apá kan ti ń ṣe mí ní kàyéfì, ewé tuntun tó ń yọ lókè ń pọ́n, òmíì tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ funfun bíi bébà, tewé ìsàlẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i, kò gbọ́. Mo da yúríà, kò gbọ́. Mo bá lọ sọ́jà, ọkùnrin kan tó ń ta kẹ́míkà ní irin ló wọ́n nínú ilẹ̀ mi, ló bá wọn iyọ̀ kan fún mi, kílò méjì, ó ní ferrous sulphate ni, pé ewékéwé tó bá ti pọ́n òun loògùn ẹ̀, kí n sáà máa fọ́n ọn sídìí wọn. Ó rí bí ìgbà tí wọ́n fọ́ ìgò gíríìnì wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n igun ọ̀rá ẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú, ó sì ti ń dì mọ́ra. Dádì Ìbejì ní tó bá jẹ́ irin náà ni, ká kúkú lọ ri ìṣó mọ́lẹ̀ 😂. Ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣé kí n dà á àbí kí n má dà á?

AgbeImota:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì da nǹkan kan o. Ewékéwé tó bá ti pọ́n kẹ̀? Ọkùnrin yẹn ta ọjà ni, kò wo ewé. Tó bá jẹ́ náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ inú yúríà, ló wọ́n, ewé àgbà ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pọ́n, torí igi máa ń gba oúnjẹ lára àgbà fún ọmọ. Irin ò ṣeé gbà bẹ́ẹ̀, ewé tó bá ti wọ̀ ló máa bá gbé, ìyẹn lebi ẹ̀ fi ń pa ewé tuntun tí àgbà sì yó. Yúríà yín ò lè gbọ́ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń rú mi lójú rèé. Ilẹ̀ wa ní Ìkòròdú yìí kì í ṣe ilẹ̀ tírin wọ́n fún. Ilẹ̀ pupa tá à ń tẹ̀ yìí, irin tó dógùn-ún ló sọ ọ́ di pupa. Omi kànga tẹ́ ẹ bá fà lálẹ́ tó mọ́ gaara, tẹ́ ẹ jí láàárọ̀ tẹ́ ẹ rí i pé ó ti pọ́n nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin ni. Àwa tá à ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ lápá Ìmọ̀tà, àpọ̀jù irin gan-an ló máa ń bá wa fà á, tómi bá dúró sílẹ̀ pẹ́, irin á yòrò sínú omi, ewé ìrẹsì á wá máa rí tótòtó pupa látorí wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ irin, ẹ ń bomi sókun ni.

Ẹ dá mi lóhùn nǹkan méjì: ẹ já ewé kan, ẹ gbé e sókè kí oòrùn wọ̀ ọ́, ṣé iṣan ẹ̀ ṣì tutù bí àwọ̀n tí àárín ẹ̀ wá pọ́n? Kí ni wọ́n sì ń ṣe lórí ilẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó débẹ̀?

IyaIbeji_Igbogbo:
Bẹ́ẹ̀ ni o, bí àwọ̀n ló rí gẹ́lẹ́! Ilé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó kó kúrò. Ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì gan-an lewé ti ń pọ́n, ibi tí wọ́n ń da yanrìn sí ò ṣe nǹkan kan. Mi ò ronú kàn án rí.

AgbeImota:
Ó tán! Efun inú sìmẹ́ǹtì ló fa á. Irin wà nílẹ̀ yín, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ ọn. Tí pH ilẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe kan tó, tó máa ń lọ sókè tí kíkan bá dín kù, bá ti kọjá 7.5 báyìí, irin ò ní yòrò mọ́, gbòǹgbò á wà láàárín ẹ̀ kò sì ní rí i mu. Tẹ́ ẹ bá wá fọ́n iyọ̀ yìí sílẹ̀, efun yẹn náà máa tì í pa láàárín ọjọ́ díẹ̀, á di ìdógùn-ún, owó yín gbé. Ojú ewé lẹ máa gbé e gbà.

Ẹ wọ̀n ọ́n lórí síkéèlì, ẹ má fi ọwọ́ díwọ̀n: gíráàmù 5 sí lítà omi kan. Tó bá jẹ́ ìfọ́nkẹ́míkà ẹlẹ́yìn lítà 16 lẹ fẹ́ kún, gíráàmù 80 nìyẹn, ẹ má lé e o, torí ó máa jó ewé. Omi òjò ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i kó lè kan, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kó tètè pọ́n. Òun náà ni mo fi ní kẹ́ ẹ ṣa èyí tó ṣì gíríìnì, èyí tó ti rúsúrúsú yẹn atẹ́gùn ti bà á jẹ́, ewé ò rí i lò. Ẹ ò gbọdọ̀ po eérú tàbí ajílẹ̀ fọ́sífọ́ọ̀sì mọ́ ọn, ńṣe ló máa dì sísàlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ lẹ máa fọ́n ọn.

Kẹ́ ẹ tó fọ́n gbogbo ẹ̀ sẹ́, ẹ mú ewé mẹ́ta péré, ẹ fi òwú kun ìdajì ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ so okùn mọ́ ọn kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan. Tí ibi tẹ́ ẹ kùn bá tutù tí ìdajì kejì ò sì yí padà, irin ni.

Buloku_Agric:
Ẹ máa bínú o ìyá wa, àwa la bà á jẹ́ 🙈. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ferrous sulphate yìí kan náà ni wọ́n máa ń lọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì ní Yúróòpù. Kúrómíọ̀mù kan wà nínú sìmẹ́ǹtì tó máa ń jẹ́ kọ́wọ́ àwọn tó ń po ó máa yún kó sì máa bó, iyọ̀ yìí ló máa ń pa oró ẹ̀. Láti 2005 ni wọ́n ti fi sófin níbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ju 2 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Èmi tí mo ti ń fọwọ́ lásán po ó látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ iṣẹ́, ẹ wo ọwọ́ mi.

Omo_Odogunyan:
Èmi ti ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ wáyà kan rí. Kí wọ́n tó fa irin di wáyà, wọ́n á kọ́kọ́ rì í sínú ásíìdì kó lè bọ́ ìdógùn-ún kúrò lára ẹ̀, ásíìdì yẹn á sì jẹ díẹ̀ nínú irin. Tó bá jẹ́ sulphuric ni wọ́n lò, tó bá ti wá tutù, iyọ̀ gíríìnì yìí ló máa dì sísàlẹ̀ ẹ̀. Ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ láyé, àwọn tó ń ṣe àtíkè funfun inú ọ̀dà ilé náà máa ń ní in rẹpẹtẹ. Wọn kì í dà á nù, wọ́n á fi fọ omi ìdọ̀tí, ó ń ṣiṣẹ́ bí álọ́ọ̀mù, á kó ẹrẹ̀ inú omi jọ á rì í sísàlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé èyí tó bá tinú ásíìdì iléeṣẹ́ wá lè ní àwọn irin burúkú míì nínú. Ẹ bi ọkùnrin yẹn bóyá ti oko ni àbí ti iléeṣẹ́, ẹ wo ara àpò tó ti wọ̀n ọ́n fún yín. Tó bá sì jẹ́ búlúù ló tà fún yín, kì í ṣe òun rárá, ìyẹn ti bàbà ni.

Noosi_Ijede:
Òun náà ló wà nínú Fersolate tá a máa ń fáwọn aláboyún kẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn má bàa lọ sílẹ̀, hóró 200 mílígíráàmù ní nǹkan bíi mílígíráàmù 65 irin nínú. Kẹ́nikẹ́ni má wá torí ẹ̀ bu ti oko lá o! Ẹ̀yin ìyá Ìbejì, ẹ gbé kílò méjì yẹn síbi tọ́wọ́ àwọn ọmọ ò ti ní tó o. Àpọ̀jù irin máa ń pa ọmọdé, mi ò fi ṣeré. Kẹ́ ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣan ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn sí kẹ́ ẹ tó sè é.

IyaIbeji_Igbogbo:
Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, ẹ wá bá mi yọ̀! Ibi tí mo fòwú kùn ti tutù, ó wá rí tótòtó níbi tí òwú ò ti kàn dáadáa, ìdajì kejì ṣì pọ́n bó ṣe wà. Mo fọ́n gbogbo apá yẹn lánàá. Ṣùgbọ́n ìfọ́nkẹ́míkà náà jò sí mi lẹ́yìn, búbá lèèsì funfun tí mo wọ̀ ti rí bí ohun tí wọ́n hú nílẹ̀. Mo da bílíìsì sí i, ló bá tún pọ́n sí i! Kí n tó ṣe pẹ̀pẹ̀ràpẹ, ta ló lè gbà mí?

Alaro_Epe:
Ta ló wọ lèèsì lọ soko 😂😂. Bílíìsì kì í bọ́ ìdógùn-ún o àǹtí mi, ńṣe ló ń mú un lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣan bílíìsì yẹn kúrò pátápátá. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ẹ̀, ẹ bu iyọ̀ ọbẹ̀ lé e, ẹ sá a sóòrùn, tó bá fẹ́ gbẹ kẹ́ ẹ tún fún òmíì sí i. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí kò bá wá lọ, ẹ gbé e wá fún mi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, irin ti mú un sílẹ̀ ná, mo máa rì í sínú omi èèpo igi tó kan gbọ̀ngbọ̀n, dúdú ló máa dà. Bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe yíǹkì wọn láyé àtijọ́ náà nìyẹn, iyọ̀ yìí àti omi kókó ara igi óákù.

IyaIbeji_Igbogbo:
Dúdú kẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó àbúrò mi ni o! Mo ti ń já ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.