Agbọ́tí kọ́ ni Jeeves

Ẹ̀yin ará,

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi ránṣẹ́ lánàá. Wọ́n ń kọ àkọlé Yorùbá sábẹ́ àwọn àwòrán àtijọ́ tí A. Wallis Mills yà sí ìwé ìròyìn The Strand ní Lọ́ńdọ̀nù, fún ìtàn P. G. Wodehouse, òǹkọ̀wé apanilẹ́rìn-ín ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi gbogbo tí Jeeves bá ti yọjú sí, tòun ti Bertie Wooster ọ̀gá rẹ̀, "agbọ́tí" ni wọ́n pè é. Mo dọ̀bálẹ̀ o, àmọ́ mi ò lè gbà.

Ẹni tó bá ka Bíbélì mọ agbọ́tí. Jẹ́nẹ́sísì orí 40: agbọ́tí Fáráò wà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú Jósẹ́fù, ó lálàá pé òun fún èso àjàrà sínú ife, òun sì gbé e lé ọba lọ́wọ́. Ẹni tó ń gbé ọtí. Ọ̀rọ̀ náà ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó bá "butler" àwọn Òyìnbó mu dé gbòǹgbò pàápàá, torí ara ìgò ni wọ́n ti fa tiwọn náà yọ, nínú èdè Faransé àtijọ́. Ká ní butler là ń túmọ̀ ni, ẹnu mi ì bá wọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Jeeves kì í ṣe butler. Butler ni olórí àwọn ìránṣẹ́ inú ilé ńlá. Ti Jeeves, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà fún: aṣọ rẹ̀, tíì àárọ̀ rẹ̀, ẹrù ìrìn-àjò rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bertie, ọtí àná ṣì ń yọ ọ̀gá lẹ́nu. Jeeves rọra wọ ilé ìdáná, ó po sọ́ọ̀sì Worcester, ẹyin tútù àti ata pupa pọ̀ nínú gíláàsì kan. Bertie gbé e mu, ojú rẹ̀ là, ló bá gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gbé ohun tó ń lé ọtí wá, òun la wá fẹ́ pè ní agbọ́tí?

"Ọmọ ọ̀dọ̀" tí ẹlòmíì dábàá, ọmọ kékeré ló ń mú wá sọ́kàn. Ti "bọ́ì" burú ju ìyẹn lọ. Òórùn ayé amúnisìn ò tíì kúrò lára ẹ̀. Ẹmẹ̀wà dùn létí, àmọ́ ààfin ló ń gbé.

Atọ́jú-ọ̀gá ni tèmi. Ìtọ́jú ọ̀hún kan ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ wọ̀ pẹ̀lú. Ìbọ̀sẹ̀ elése àlùkò kan wà tó di ọ̀rọ̀ láàárín wọn títí Bertie fi yọ̀ǹda ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kan. Ibẹ̀ gan-an ni àkọlé yóò ti wúlò, torí tádàwà dúdú ni wọ́n fi tẹ àwòrán wọ̀nyẹn. Elése àlùkò ò lè hàn níbẹ̀ láéláé. Ẹnu àkọlé la ó ti gbọ́ ọ.

Kékeré ló kù. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn àwòrán náà ní "àwòrán ìtàn", kì í ṣe "àwòrán ẹ̀fẹ̀". Ìtàn ló ń pani lẹ́rìn-ín. Jeeves fúnra rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó yà á pàápàá, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yà: Alfred Leete, tó ya Jeeves sí The Strand ní 1916 ṣáájú Mills, òun kan náà ló ya àwòrán Kitchener, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, ní 1914, tó na ìka sójú èèyàn pé kó wá wọṣẹ́ ológun.

Ẹni tó bá ní atọ́jú-ọ̀gá gùn jù, kó mú kúkúrú wá, kó ṣáà má gbé ìgò dání.