Ẹ̀yin tó ń fi modular cutter ṣeré, kí lojú yín ti rí?

Olùbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Eré Traveller ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ọkọ̀ kékeré inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní modular cutter. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: Game Designers' Workshop ló gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1977. Oníkálùkù á di ẹnìkan nínú ìtàn, réfírì á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, dáìsì méjì bíi ti Lúdò á sì máa dájọ́.

Tọ́ọ̀nù 50 ni cutter. 30 nínú rẹ̀ jẹ́ kọ̀ntẹ́nà tó ṣeé yọ, bí tirela ṣe ń já ẹrù sílẹ̀ tí orí rẹ̀ á lọ gbé òmíràn. Ti èrò wà, ti epo wà, ti ọmọ ogun náà wà. Kò lè fò láti ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, torí ọkọ̀ tí kò bá tó tọ́ọ̀nù 100 kì í gbé ẹ́ńjìnnì Jump. Àárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó yí ìràwọ̀ kan ká ló ti ń jẹun. Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Awakọ̀

Háà, ti báróò wa ni kí n sọ, ọlọ́lá kan tó wọ ọkọ̀ wa nínú eré.

Ọkọ̀ ńlá wa jẹ́ tọ́ọ̀nù 400, Jump-2. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ ni epo tí Jump-1 ń jẹ, Jump-2 ń jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí náà tọ́ọ̀nù 80 la nílò. Regina, ayé kan nínú eré náà, la wà, gbèsè sì ti wà lọ́rùn wa ní èbúté ibẹ̀ débi pé a ò lè yọjú. Ṣùgbọ́n Regina ń yí pílánẹ́ẹ̀tì onígáàsì kan po, Assiniboia, háídírójìn ọ̀fẹ́, tí ọkọ̀ ń lò fún epo, sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọkọ̀ ńlá wa ò ṣeé kó wọnú afẹ́fẹ́, cutter ló máa lọ bù ú wá, tọ́ọ̀nù 30 lẹ́ẹ̀kan.

Àmọ́ kọ̀ntẹ́nà èrò ló wà lára cutter, báróò kan sì wà nínú rẹ̀. Kírẹ́díìtì 10,000, owó inú eré, ló san fún High Passage, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọlọ́lá, ó ní òun ò kúrò ní yàrá òun fún ẹnikẹ́ni. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹnjiníà wa kàn yíjú sí réfírì, ó ní, "Mo tú ìdè kọ̀ntẹ́nà."

Réfírì ní, "Ti báróò ti báróò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀ ńlá kó má baà ṣáko lọ."

Réfírì fa bírò yọ, ó ṣírò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ó fún báróò ní wákàtí mẹ́fà. Ìgbà tí a lọ bu epo lẹ́ẹ̀kejì ni ìjì gbá wa lórí Assiniboia. 8 ni mo nílò. Dáìsì kan dúró lórí 5, èkejì yí lọ gbá ife tíì, ó dúró lórí 2. Pilot-1 tí mo ní, ìyẹn ìmọ̀ ìwakọ̀ tó ń fi ẹyọ kan kún dáìsì, ló sọ ọ́ di mẹ́jọ. Tábìlì hó yèè!

A padà dé, ọkọ̀ aṣọ́bodè ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ntẹ́nà, báróò ń fi bàtà gbá fèrèsé. Wọ́n béèrè pé kí nìyẹn. Ẹnjiníà wa dáhùn pé, "Ẹrù wa ni."

Ọmọ Ìta Regina

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Ṣùgbọ́n ṣé ẹ sẹ́ epo yẹn? Epo tí a bù tààrà látinú gáàsì lè mú kí Jump gbé ọkọ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Awakọ̀

A ò sẹ́ ẹ, àbúrò. Owó báróò la fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ epo, ó sì ti gbà á padà.

Réfírì Àgbà

Lọ́dọ̀ tèmi, kí cutter tó gbéra, ẹ ó kọ kọ̀ntẹ́nà tí ẹ gbé sínú ìwé, ẹ ó sì fún mi. Kò sí "a rò pé a gbé ti ìwòsàn" nígbà tí ìbọn bá ti ń dún. Àwọn kan ní mo le jù. Ohun tí ẹ fi sílé gan-an ló ń dá ìtàn sílẹ̀, lójú tèmi.

Ọkọ̀ ológun Broadsword ni àwọn tèmi ń lò báyìí, tọ́ọ̀nù 800, cutter méjì ló ń gbé. Wọ́n ti ba ọ̀kan jẹ́. Wọ́n já kọ̀ntẹ́nà ọmọ ogun sórí òkè kan, ó di àgọ́, cutter tó kù sì gòkè lọ gbé òmíràn. Ọ̀gá wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ọ̀tá ń bọ̀. Ṣé kọ̀ntẹ́nà ìwòsàn ni àbí ti ohun ìjà? Wọ́n jiyàn títí tíì fi tutù, wọ́n wá kọ ọ́ fún mi: ìwòsàn.

A ò tíì parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń dúró dè wọ́n kó kọ sí mi níkọ̀kọ̀, torí méjì nínú wọn ń ka ibí yìí.