Nígbà tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀ tí ọwọ́ kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀

Láti Kubwa, Abuja:
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya. Ìṣirò owó ni mo máa ń bá àwọn oníṣòwò ṣe láti ilé mi. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 37, dókítà sọ fún mi pé ADHD, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọkàn ènìyàn pa pọ̀ sójú kan, ni ó wà lára mi láti kékeré. Ó ní àwọn àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 12 kí àwọn tó lè pè é bẹ́ẹ̀, a sì rí wọn nínú ìwé àbájáde ìdánwò mi ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí olùkọ́ mẹ́ta ti kọ ọ́ pé orí mi pé ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í sí ní kíláàsì. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń yọ mí lẹ́nu jù. Àpò rìsíìtì oníbàárà kan ti wà lórí tábìlì mi láti oṣù Kejìlá. Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe, mo nílò owó rẹ̀, mo sì mọ̀ pé 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke ìwé owó orí rẹ̀, síbẹ̀ mo lè jókòó tì í láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí n má tú okùn rẹ̀. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀lẹ ni. Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe sí i?

Láti Lugbe, Abuja:
Àbúrò mi, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í jókòó ti iṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ara rẹ̀ má lélẹ̀. Ibi tí yóò tẹ́ ẹní sí ni yóò máa wá. Àwọn onímọ̀ sọ pé apá ọpọlọ tí ó ń ṣètò iṣẹ́, tí ó sì ń sọ fún ènìyàn pé ó tó àkókò láti dìde, kì í tètè dáhùn nínú irú àwa yìí, àti pé dopamine, èròjà inú ọpọlọ tí ó máa ń jẹ́ kí nǹkan wu ènìyàn í ṣe, lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tuntun, ohun tí ó dùn mọ́ wa, tàbí ohun tí gbèdéke rẹ̀ ti dé ọrùn fi máa ń gbé wa dìde, tí èyí tí ó ṣe pàtàkì ṣùgbọ́n tí kò tíì kánjú kì í sì í rí wa gbé.

Àáró ni ó gbà mí. Ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é, tí ó jẹ́ pé òní lóko tèmi, ọ̀la lóko tìrẹ. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní body doubling, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ máa ń yá lójú ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kejì kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ. Ó kàn máa wà níbẹ̀ ni, tí òun náà ń ṣe tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní Gwarinpa máa ń pè mí lórí fídíò, oníkálukú yóò sọ ohun kan ṣoṣo tí ó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì gbé fóònù ti ògiri fún ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí ẹ bá dárúkọ gbọ́dọ̀ kéré gan-an. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ṣe ìṣirò. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ tú okùn àpò, kí ẹ sì da rìsíìtì sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ owó ilé ní Abuja ni a fi gbogbo ogójì ìṣẹ́jú náà sọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń pa ohùn.

Láti Sabon Gari, Kano:
Aránṣọ ni mí. N kò lọ rí dókítà kankan, ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò wa kọ dà bí ẹni pé ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí. N kì í parí ojú ìrán kí n tó lọ sílé ní alẹ́. Mo máa ń dá a dúró ní àárín, abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, òwú wà lójú abẹ́rẹ́, kí ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni n óò gbé lé máṣínì ní òwúrọ̀. Bí mo bá parí rẹ̀ lálẹ́, mo ti dá ara mi lóró nìyẹn, nítorí pé aṣọ tí a kò tíì gé ni yóò kò mí lójú, mo sì lè máa ṣa bọ́tìnnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí di ọ̀sán.

Ẹ má sì so iṣẹ́ mọ́ iná NEPA. Mo ṣe é rí: mo ní bí iná bá ti dé ni n óò gé aṣọ; iná kò dé fún ọjọ́ méjì, èmi náà sì rí àwáwí. Ìpè ìrun ni mo wá so ó mọ́. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n ládàánì ẹ̀yìn ilé wa kì í yẹ̀: bí ó bá ti pe ìrun ìrọ̀lẹ́, mo ti mú àlùmọ́gàjí. Ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì sọ pé ọmọ Jámánì kan, Peter Gollwitzer, ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, pé ẹni tí ó bá so iṣẹ́ mọ́ àmì pàtó kan máa ń ṣe é ju ẹni tí ó kàn pinnu lọ.

Láti Kubwa, Abuja:
Ẹ ṣeun gan-an. Agogo oníṣẹ́jú 25 tí wọ́n ń sọ ńkọ́, tí ènìyàn máa ń ṣiṣẹ́ títí yóò fi dún kí ó tó sinmi díẹ̀? Ẹnì kan sì ní kí n lọ ra oògùn ADHD ní kẹ́míìsì.

Láti Barnawa, Kaduna:
Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra á ní kẹ́míìsì. Oògùn bíi methylphenidate lè mú kí ọkàn yára lù, kí ẹ̀jẹ̀ sì ru, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò kí ó tó kọ ọ́, kí ó sì máa yẹ̀ yín wò lẹ́yìn náà. Ó ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n oògùn kì í bá ènìyàn yan iṣẹ́: ẹni tí ó lò ó tán tí ó gbé fóònù, fóònù náà ni yóò gbájú mọ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa níbí fún ẹni tí ó bá sún mọ́ wa.

Ní ti agogo, Francesco Cirillo, ọmọ Ítálì, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 nígbà tí ó ń kàwé ní yunifásítì, tí ó ń fi agogo ilé ìdáná tí a ṣe bíi tòmátì ka àkókò. Lójú tèmi, ó wúlò fún dídúró nídìí iṣẹ́ ju bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ fi sí ìṣẹ́jú márùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, bí iṣẹ́ bá sì ti wọ̀ yín lára nígbà tí ó bá dún, ẹ má dá a lóhùn.

Láti Kubwa, Abuja:
Mo ti tú okùn náà. Rìsíìtì kún ilẹ̀ pálọ̀ báyìí. Ta ni yóò bá mi ṣe àáró ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀?

Láti Sabon Gari, Kano:
Ẹ pè mí. Ariwo máṣínì mi nìkan ni kí ẹ fara dà.