Ìrékọjá tàbí ìgbojúkọjá? Orúkọ fún ìgbà tí Àgùàlà bá gba ojú oòrùn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làálàá èdè. Orúkọ tí a jọ ń wá ni ti ìgbà tí Àgùàlà (pílánẹ́ẹ̀tì Venus) tàbí Mẹ́kúrì (pílánẹ́ẹ̀tì Mercury) bá gba àárín ayé àti oòrùn kọjá, tí a ń rí i bí àmì dúdú lójú oòrùn; "transit" ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀gbọ́n tó dábàá "ìrékọjá", mo forí balẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ́kọ. Bí a bá ti pè é, ọ̀dọ́ àgùntàn àti àkàrà aláìwú ló máa wá sọ́kàn ẹni tó bá ti ka Bíbélì. Àbúrò tó mú "ìboòrùn" wá ńkọ́? Kí ni ó bò? Àgùàlà tó kọjá ní 8 Oṣù Kẹfà, 2004 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 32 ìbú oòrùn lọ, bí ìgbà tí tàdáwà ta tóó sójú ìwé. Ọ̀sán ò dòru. Mẹ́kúrì ti 2019 tilẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i.

"Ìgbojúkọjá" ni tèmi: ó gba ojú oòrùn kọjá. Ẹ ṣáà ṣọ́ àmì ohùn. Bí ẹ bá pè é ní "ìgbójú", ẹ ti sọ Àgùàlà di aláfojúdi. (Ajá òṣùpá tí wọ́n ń pè é ti tó o.)

Èyí tó ká mi lára jù ni "awò dúdú" tí ẹnìkan kọ fún ohun tí a ó fi wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kó má wọ ìwé ọmọ iléèwé. Awò dúdú ni èyí tí à ń lò lọ òde ìnáwó, kò sì lè gba ojú lọ́wọ́ oòrùn. Fíìmù X-ray náà ò lè gbà á. Awọ ẹ̀yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora. Ojú á ti bàjẹ́ kí olójú tó mọ̀. Gíláàsì wẹ́dà pàápàá, nọ́ńbà 14 ni ká kọ, kì í ṣe èyíkéyìí.

Mo dábàá "asẹ́ oòrùn". Bí asẹ́ ṣe ń dá èérí ògì dúró ló ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró, àfi pé bí ìdá kan nínú 100,000 péré ló ń jẹ́ kó kọjá. Ti awò-awọ̀nàjíjìn (telescope), ẹ jẹ́ ká pè é ní "asẹ́ iwájú", nítorí iwájú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni à ń dè é mọ́. Èyí tí wọ́n ń fi síbi tí a ń gbójú lé, ooru lè là á nígbà tí ojú ṣì wà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Ní 1639, Jeremiah Horrocks, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí awò-awọ̀nàjíjìn rẹ̀ tan àwòrán oòrùn sórí ìwé nígbà tí Àgùàlà ń kọjá, ìwé ló ń wò. Kí la ó pe ìyẹn? Mo kọ "wíwo òjìji", ṣùgbọ́n òjìji ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, ìmọ́lẹ̀ gan-an sì lèyí. Ta ló ní èyí tó sàn jù? Mẹ́kúrì ń bọ̀ ní 13 Oṣù Kọkànlá, 2032; ti Àgùàlà di 2117.