Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àkàrà ẹ̀fọ́ ẹlẹ́yin mi ń túká nínú òróró

Ọmọ Yábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí mi ní Sátidé. Ìkòròdú ni wọ́n ti ń bọ̀, a ò lè retí wọn kí aago 11 tó lù. Oúnjẹ àárọ̀ á ti kọjá, ọ̀sán ò sì tíì pọ́n tí èèyàn á fi gbé ìrẹsì kalẹ̀. Àkàrà ẹ̀fọ́ ló wá sí mi lọ́kàn: kábéèjì, káróòtì, àlùbọ́sà elewé àti ata rodo díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní gígé wẹ́wẹ́, kí n fi ẹyin àti fúláwà pò ó, kí n dín in. Mo fẹ́ fi ẹyin díndín tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀ lé e lórí.

Àmọ́ èyí tí mo fi dán an wò kò gbọ́ràn. Bí mo bá ti bù ú sí òróró, kábéèjì á gba ibì kan lọ, ẹyin á gba ibòmíì. Mo fi fúláwà kún un, ó wá le bí bọ́ǹsì àná. Ẹyin mélòó ló yẹ kó wọ̀ ọ́? Ṣé òróró ló ń bà á jẹ́ ni? Ẹ ṣàánú mi, kò sí ẹni tí mo lè pè sí kíṣìnnì, èmi nìkan ni mò ń gbé.

Ìyá Ìbejì, Ṣùúrùlérè:
Àbúrò, omi ni. Ẹyin ò ṣẹ̀ ọ́. Kábéèjì kún fún omi, bí iyọ̀ bá sì ti kàn án báyìí, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí o bá po gbogbo ẹ̀ pọ̀ tán kí o tó lọ ṣáná sí gáàsì, ìsàlẹ̀ abọ́ á ti ṣomi kí òróró tó gbóná. Fúláwà tí o wá ń dà sí i, omi yẹn lò ń bá jà.

Gé kábéèjì àti káróòtì, bu iyọ̀ sí i, fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Kó o sínú aṣọ funfun tó mọ́, kí o fún un dáadáa. Omi tó máa jáde á yà ọ́ lẹ́nu. Tọ́ ẹ̀fọ́ náà wò kí o tó fọ́ ẹyin sí i, torí iyọ̀ ti wà lára ẹ̀. Ìdajì kábéèjì kékeré àti káróòtì 2, ẹyin 3 tó o, pẹ̀lú fúláwà ṣíbí ìjẹun 4 tàbí 5. Bí o bá ti pò ó, kó dé inú òróró kíá.

Alákàrà Ojúẹlẹ́gba:
Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n òróró náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ẹyin kì í dì kíákíá nínú òróró tí kò gbóná, ẹ̀fọ́ á sì ti fọ́n ká kí ẹyin tó rí i dì mú. Ju àlùbọ́sà bíńtín sí i. Bó bá léfòó lójú ẹsẹ̀, tó ń hó yí ká, ó ti yá. Bí àlùbọ́sà náà bá dúdú wàrà, yí iná wálẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, kó wá nǹkan bí 175 °C. Má kó o kún inú páànù, torí gbogbo èyí tó bá wọ inú ẹ̀ ló ń mú òróró tutù. Má sì tètè yí i, jẹ́ kí etí ẹ̀ pọ́n ná.

Àkàrà ẹ̀wà ni mò ń tà ní tèmi, mi ò fi ẹyin sí i rí, ẹ má bi mí ní ti ẹyin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Gbogbo wàhálà yìí, nígbà tí ewùrà wà láyé? Ọ̀jọ̀jọ̀ ni bọ̀dá yìí ń wá kiri! Bẹ ewùrà, rin ín kó kúnná. Ewùrà ń fà, òun fúnra ẹ̀ ló ń di ara ẹ̀ mú, kò nílò fúláwà kankan. Fi ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ ni kí o fi rọ́pò kábéèjì: bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, fún un gbẹ, gé e wẹ́wẹ́, dà á sí i. Bí o bá fẹ́ ẹyin dandan, fọ́ ẹyọ kan. Wá fi ọwọ́ lù ú títí á fi fúyẹ́. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ya ọ̀lẹ, tí ọ̀jọ̀jọ̀ wọn á wá wúwo nínú.

Má rin ín sílẹ̀ láti òru o, ó máa ń dúdú. Bí ewùrà bá sì ń yún ọ lọ́wọ́, fi epo pupa pa ọwọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ṣùúrùlérè:
Ọmọ Ìjẹ̀bú, a mọ̀ yín. Kábéèjì lọmọ ọlọ́mọ béèrè, ẹ ti gbé e dé ọjà ewùrà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ṣé mo parọ́ ni, mà?

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Ọ̀rọ̀ ẹyin orí ẹ̀ ni tèmi. Láti Ìkòròdú lẹ ní wọ́n ń bọ̀, ta ló mọ ìgbà tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ máa jẹ́ kí wọ́n wọlé? Ẹyin rírọ̀ kì í dúró de ọkọ̀. Bó bá sì ṣàn sórí àkàrà, gbogbo ara ẹ̀ tó ti gbẹ dáadáa á rọ̀.

Ní Bahia ní Brazil, níbi tí àwọn èèyàn wa ti padà wá sí Èkó, wọ́n ṣì ń dín àkàrà ẹ̀wà nínú epo pupa títí dòní. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í kó nǹkan lé e lórí, ńṣe ni wọ́n ń là á láàárín, tí wọ́n á fi edé àti ọbẹ̀ kíki kan tí wọ́n ń pè ní vatapá há a nínú. Ìwọ náà la tìẹ, fi ẹyin sísè tí o gé pẹlẹbẹ há a, kí o fi ata díndín tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì Yábàá:
Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹyin jinná dénú. Ẹyin tí kò jinná lè gbé kòkòrò Salmonella wọnú wọn.

Bọ̀dá Múṣín:
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kúlà! Bí o bá dín in tán, má kó o sí kúlà kí o sì dé e. Ooru á di omi nínú ibẹ̀, á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ sórí asẹ́, kó má gun ara wọn. Bí o bá ní óófùn, kó o síbẹ̀ lórí iná kékeré.

Ọmọ Yábàá:
Ẹ ṣé gan-an ni o. Mà á ṣe ti kábéèjì, mà á sì dín ọ̀jọ̀jọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí Ọmọ Ìjẹ̀bú lè sùn. Ibo ni mo ti lè rí ewùrà rà bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kì í jẹ ata rárá, kí ni mo ṣe sí tiẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Yà sí Oyíngbò, béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣu. Mú èyí tó le, tí ara ẹ̀ ò ní ojú egbò. Tètè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o lè rí ohun tí ò ń rà.

Alákàrà Ojúẹlẹ́gba:
Bu ti ọmọ yẹn sọ́tọ̀ kí o tó da ata sí èyí tó kù, kí o sì kọ́kọ́ dín tiẹ̀. Òróró tó bá ti gba ata rodo á ta á lẹ́nu.