Èsì: "Adárí-iṣẹ́" àti "ọgbọ́n-ìdárí": ta ló fẹ́ dárí ji ta?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, pé kí ni ká máa pe máníjà ní Yorùbá, tí mi ò dá sí i, torí ọwọ́ tó kún fún ìpẹ́ ẹja kò ṣeé fi tẹ fóònù. Àmọ́ lánàá, bọ̀dá wa tó ń kọ̀wé láti Ìkòròdú kó gbogbo ohun tó ṣẹ̀dá jọ sójú kan, ó ní kí a máa lò ó. Máníjà di adárí-iṣẹ́. Ọgbọ́n tí olórí ilé iṣẹ́ fi ń mú àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ di ọgbọ́n-ìdárí. Ipò 10 tí Mintzberg, onímọ̀ nípa iṣẹ́ máníjà, ará Kánádà, sọ ní 1973 pé máníjà ń dúró sí, gbogbo wọn ló fún ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá fi kún un pé ọdún 22 lòun ti fi kọ́ni ní èdè Yorùbá, pé kí "àwọn tí kò ka èdè" rọra.

Kò burú. Ẹja ni mo ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Mo ṣe NCE Yorùbá kí n tó di ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo gbé wá. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni mo bá wá.

Bọ̀dá mi, ẹ wo dárí tí ẹ kọ yẹn dáadáa. Ohùn òkè lẹ fi lé e lórí, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo sì kà á nínú lẹ́tà yín, nítorí náà ẹ má sọ fún mi pé fóònù ló ṣe é. Dárí, lẹ́nu gbogbo Yorùbá, jì ló ń tẹ̀ lé e: dárí jì mí, Ọlọ́run dárí jì wá. Èyí tí ẹ ń wá, darí ni, ohùn àárín. Dà ni ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀, dà tí a fi ń da màlúù, tó bí darandaran. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ní nígbà tó dá wà, àmọ́ tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti di àbọ̀ rẹ̀ báyìí, ó di ohùn àárín, bí rà ṣe di ra ẹja, tí tà di ta ẹja. Dà, orí: darí. Ti yín, dá ni, dá orí jì. Adárí-iṣẹ́ tí ẹ bí fún wa yìí, ẹni tó ń forí jin iṣẹ́ ni. Bí irú máníjà bẹ́ẹ̀ bá wà ní Ìkòròdú, ẹ fún mi ní àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ mi kan wà tí kì í tètè jí.

Ẹnì kan ti kọ̀wé pé àmì lásán la ń jà lé, pé kí a fojú fo ìyẹn, kí a gba ọ̀rọ̀ náà. Ó dáa, mo ti fojú fò ó. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ adarí-iṣẹ́, kí ohùn rẹ̀ pé. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Àlàyé bọ̀dá ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní máníjà, láti ẹnu àwọn ará Ítálì ló ti wá, maneggiare, pé ọwọ́ ló wà nídìí rẹ̀, pé kí a fọwọ́ mú ẹṣin kó lè gbọ́ràn ló túmọ̀ sí nígbà náà. Òótọ́ ni, mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ wá ní nítorí náà, dà ló bá a mu, torí ẹranko là ń dà, àti pé àwa Ìjẹ̀bú mọ ẹṣin, kí a wo Ojúde Ọba.

Bọ̀dá, ọjọ́ ọdún la máa ń gun ẹṣin ní Ojúde Ọba. Ta lẹ rí tó gun ẹṣin lọ ra ẹja? Ìlú ọkọ̀ ojú omi ni Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, kúrò ní Èkó ní 1851, orí ọ̀sà ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà kí wọ́n tó tẹ̀dó síbí, òun ló sì jẹ́ kí ìlú wa pín sí Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ di òní. (Kòsọ́kọ́ náà, ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ni, orúkọ àbíkú. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé kò sí ọkọ̀ ló ń jẹ́.) Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí mọ̀ pé ẹni tó di àjẹ̀ mú nídìí ọkọ̀ kì í da ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Àwọn èrò ló wà níwájú rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń pariwo. Òun ń wo omi.

Ibi tí mo tún fẹ́ kí ẹ bá mi wò nìyí. Nígbà tí mọ́tò dé ilẹ̀ yìí, ta ló pe ìpàdé láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀? Ọkọ̀ ti wà lórí omi, wọ́n gbé e gun títì. Wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lódò, wọ́n ń wà á lọ sí Ṣàgámù. Bàálù fò kọjá lókè, ọkọ̀ náà ni, wọ́n fi òfurufú tì í lẹ́yìn. Akápò Ọ̀rúnmìlà gbé àpò Ifá títí, òun ló di ẹni tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ lónìí. Wọ́n na èyí tó wà nílẹ̀ ni. Wọn ò jókòó sídìí tábìlì kí wọ́n máa lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń lẹ báńdéèjì.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ńlá, òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò ka ìwé kankan. Ó ní ọmọkùnrin kan tó fi ṣe olórí àwa tí a ń bá a ṣiṣẹ́, ọmọ tó le, tó máa ń fún fèrè bọ́ọ̀lù láti fi kó wa jọ láàárọ̀. Ó dà wá dáadáa, ẹ jẹ́ kí n lo ọ̀rọ̀ yín. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ńlá lọ síbi ìsìnkú, ó fi í síbẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, ìdérí kúlà méjì ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀, yìnyín ti domi, òbòkún tí wọ́n kó wá láàárọ̀ ti ń rọ̀ níkùn. Ó ki ìka bọ ọ̀kan lábẹ́ ìyẹ́, ó gbóòórùn ìka náà, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀. Kò pariwo.

"O wà níbí?"

"Mo wà níbí, mà. Mi ò kúrò rárá, mà."

"Ojú ẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà ò rí nǹkan sọ. Ìyá Ńlá wá ní: "Mo ní kó o mójú tó o, mi ò ní kó o dúró tì í."

Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ bá mi wo ìyẹn. Mú, ojú, tó. Tó yìí ni tó tí ọwọ́ fi ń tó àjà. Kí o mú ojú rẹ dé ibi tí nǹkan wà, kó tó o, kó má kù síbì kan. Àmójútó ló bí, ẹni tó ń ṣe é sì jẹ́ alámòójútó. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀, kò béèrè kí ẹnikẹ́ni bí i. Kì í ṣe èmi náà ló sọ pé ojú ni iṣẹ́ yẹn. Fayol, ará Faransé tó ṣe olórí ilé iṣẹ́ ìwakùsà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó fẹ́ to iṣẹ́ olórí ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1916, márùn-ún ló kà: kí ó rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé, kí ó to iṣẹ́ àti èèyàn síbi tó yẹ, kí ó pàṣẹ, kí ó so iṣẹ́ tibí mọ́ ti ọ̀hún, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rí bí a ṣe ní kó rí. Ẹ wò ó: ojú ló fi bẹ̀rẹ̀, ojú ló fi parí. Àṣẹ, tí í ṣe dídà tiyín, àárín ló há sí.

Mintzberg tí ẹ sì ń pè yẹn, ẹ̀yin lẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ ò sọ ohun tó rí. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ 5 ló jókòó tì, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Ìdajì nínú rẹ̀ ni kò tó ìṣẹ́jú 9 tí wọ́n fi bọ́ sórí òmíràn. Ṣé ẹni tó ń da màlúù nìyẹn? Alákàn nìyẹn.

Ó ku àwọn ipò 10 yín. Mi ò lè mú gbogbo rẹ̀, àmọ́ àkọ́kọ́ dùn mí. Ẹni tó máa lọ síbi ìkómọ òṣìṣẹ́, tó máa bọ àlejò lọ́wọ́, tó máa fi sísọ́ọ̀sì gé rìbọ́ọ̀nù, ẹ pè é ní orí-ère. Orí-ère kẹ̀? Ẹ ya "figurehead" Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ya àwòrán. Aṣojú ni, ó ń ṣe ojú fún wọn. Ẹni tó ń bá ará ìta sọ̀rọ̀, ẹ kọ asọ̀rọ̀-fún-ilé; agbẹnusọ ti ṣe yín? Ẹni tó wà láàárín ilé iṣẹ́ yín àti ti ẹlòmíràn, ẹ kọ asopọ̀, bí ẹni pé alárinà ò sí láyé, bẹ́ẹ̀ láìsí alárinà ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìyá wọn ò ní rí ọkọ. Èyí tó ń parí ìjà ni mo rẹ́rìn-ín sí jù, adojú-ìjà-kọ. Ìyẹn á jà ni, kò ní là á. Onílàjà lẹ ń wá.

Ní ti ọgbọ́n-ìdárí, ẹ bọ́ ohùn òkè yẹn kúrò, ó ṣì kù díẹ̀. Ọgbọ́n kan kọ́. Katz, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, pín in sí mẹ́ta ní 1955: kí o mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí o mọ èèyàn-án lò, kí o lè rí gbogbo ọjà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní bí èèyàn ṣe ń ga sí i ni ti àkọ́kọ́ ń dín kù, tí ẹ̀kẹta ń pọ̀, ti àárín kì í kúrò. Ọdún mélòó kan kí Ìyá Ńlá tó kú, kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọ́. Àga pákó ló máa ń jókòó lé, ó ń wo òfuurufú, á ní kí a ra yìnyín sílẹ̀ lónìí torí oòrùn ọ̀la. Mọ-èèyàn-án-lò, ẹ má fi nǹkan kan rọ́pò ìyẹn, mo bẹ̀ yín.

Sí àǹtí wa ní Àgbádárìgì tó ní alámòójútó ti gùn jù, pé òó méjì yẹn àṣìtẹ̀ ni, pé alámójútó tó: rárá o, mà. Oní ló pàdé àmójútó. Ní di lá, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí à pàdánù ìjókòó rẹ̀, ló bá sún síwájú, ó ní kí fáwẹ́lì iwájú ṣí àyè fún òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni alákòóso, bẹ́ẹ̀ ni alábòójútó. Kì í ṣe àṣìtẹ̀, àǹtí mi, àlejò tí a fún ní ìjókòó ni.

Ẹni tó ní kí a máa pe gbogbo máníjà ní Gíwá bíi ti yunifásítì, erin ni lẹ́nu Haúsá, ẹ fi sílẹ̀ fún yunifásítì, kò gba kúlà mẹ́ta.

Ní ti máníjà fúnra rẹ̀, mi ò bá ọ̀rọ̀-àyálò jà. Ajá kan wà ní ìtòsí ṣọ́ọ̀bù mi tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń pè ní Máníjà, torí pé ẹnu ọ̀nà ló máa ń sùn sí, tí gbogbo ènìyàn sì ń yẹra fún un kọjá. Ẹni tó bá ní Yorùbá ò mọ ìyàtọ̀ máníjà sí alámòójútó, kó wá bá ajá náà sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Ìkòròdú, mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí: tí àkóso bá di alákòóso, tí àmójútó bá di alámòójútó, kí ló dé tí oní àti àga jẹ́ alága, tí kò jẹ́ alágàá? Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ̀yin lẹ ní ọdún 22, ẹ gbà á. Ọkọ̀ yìnyín ti dé.